Omi Tó Bo Capel Celyn Mọ́lẹ̀

Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti kọ nǹkan síbí. Ọ̀dọ̀ ọmọ mi ọkùnrin tó ń gbé ní Liverpool ni mo wà, àgbà tó bá sì lọ kí ọmọ-ọmọ kì í tètè dé. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, nídìí ẹ̀rọ omi inú ilé ìdáná wọn.

Ọmọ-ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ló bu omi fún mi mu. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo wá bi í pé níbo ni omi yìí ti wá. Ó wò mí bí ẹni pé mo bi í pé kí ló dé tí oòrùn fi ń yọ. Ó ní inú ẹ̀rọ ló ti wá. Gẹ̀ẹ́sì ló fi dá mi lóhùn, nítorí kò gbọ́ Yorùbá. Màá padà sórí ọ̀rọ̀ yẹn kí n tó parí.

Mi ò lè bá ọmọdé wí. Ẹni tó bá ti gbé Ìbàdàn rí mọ Ẹlẹ́yẹlé. Nígbà tí omi ẹ̀rọ ṣì ń yọ déédéé, àwa náà mu omi ibẹ̀, a fi wẹ̀, a fi se ọbẹ̀, a tún ń gba ibẹ̀ kọjá lọ wo omi ní ọjọ́ ìsinmi. Mélòó nínú wa ló bèèrè rí pé kí ló wà lórí ilẹ̀ yẹn kí omi tó bò ó? Àwọn àgbà ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Odò ni òwe yẹn ń bá wí. Kò tíì sí ẹni tó pa òwe fún ẹni tó ń mu omi náà.

Ọmọ mi ní tó bá jẹ́ pé mo fẹ́ mọ̀ lóòótọ́, òun á gbé wa lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Nǹkan bíi wákàtí méjì ni mọ́tò fi ń rìn ín. A kúrò ní Ìngíláǹdì, a wọ Wales, àwọn pátákó ojú ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èdè méjì, òkè ń ga sí i, ilé ń dín kù. Nígbà tí a kọjá ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Bala, omi náà yọ sí wa.

Llyn Celyn ni orúkọ rẹ̀. Llyn ni adágún lédè Welsh. Tí ẹ bá fẹ́ pe ll yẹn, ẹ gbé ahọ́n síbi tí ẹ máa ń gbé e sí fún l tiwa, kí ẹ má mú ohùn jáde, kí ẹ kàn fẹ́ afẹ́fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ ahọ́n. Ọmọ-ọmọ mi pè é lẹ́ẹ̀kan, ó mọ́ ọn. Èmi tí mo fi ọdún tó lé ní ọgbọ̀n kọ́ni ní ìmọ̀ ìró èdè, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi itọ́ wọ́n dígí mọ́tò kó tó mọ́ mi lẹ́nu.

Ibẹ̀ dára, kí n má purọ́. Omi náà gùn tó máìlì méjì àbọ̀, ó sì fẹ̀ tó máìlì kan. Yẹ̀pẹ̀ àti òkúta ni wọ́n fi mọ dáàmù rẹ̀, koríko sì ti bo ara rẹ̀, débi pé tí wọn kò bá sọ fún ọ, o lè rò pé òkè lásán ni. Àwọn apẹja jókòó sétí omi, àwọn arìnrìn-àjò ń ya fọ́tò. Nísàlẹ̀ dáàmù, níbi tí odò Tryweryn ti ń jáde, àwọn ènìyàn wọ ọkọ̀ rọ́bà, wọ́n dé akoto, wọ́n ń pariwo bí omi ṣe ń gbé wọn sáré láàárín òkúta. Ìdí tí wọ́n fi lè ṣe é nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí odò mìíràn ti fà, ni pé dáàmù ló ń tú omi sínú odò yẹn. Omi náà kì í gba inú páìpù lọ sí Liverpool láti ibẹ̀. Inú odò ló ń gbà. Tryweryn á ṣàn lọ bá odò Dee ní Bala, Dee á gbé e rin ìrìn gígùn títí dé tòsí Chester, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fà á, tí wọ́n ń sẹ́ ẹ, kó tó wọ páìpù lọ sí ìlú. Mo ṣàlàyé èyí fún ọmọ náà. Ó ní, "Ṣé omi tí mo fi fọ eyín láàárọ̀ ni wọ́n ń fi ṣeré yìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Inú rẹ̀ dùn.

Lẹ́yìn náà la wá dé ibi ilé ìsìn kékeré kan létí omi, tí wọ́n kọ́ fún ìrántí. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti tán.

Abúlé kan wà lábẹ́ omi yẹn. Capel Celyn ni wọ́n ń pè é. Capel ni ilé ìsìn, celyn sì ni igi kan tí ewé rẹ̀ ní ẹ̀gún, tí àwọn òyìnbó fi ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ nígbà Kérésì. Abúlé náà kò tóbi. Ilé ìsìn kan, ilé-ẹ̀kọ́ kan, pósọ́fíìsì kan, itẹ́ òkú kan, pẹ̀lú ilé àti oko méjìlá ni. Ènìyàn 67 ló ń gbé ní àfonífojì yẹn, 48 nínú wọn ló pàdánù ilé. Nǹkan bí éékà 800 ilẹ̀ ni omi gbà. Èdè Welsh ni wọ́n fi ń jí, òun ni wọ́n fi ń sùn. Òun ni wọ́n fi ń gbàdúrà, òun ni olùkọ́ fi ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò, òun ni wọ́n fi ń pe àgùntàn.

Kí n má baà ṣe bí ẹni pé Liverpool kàn burú lásán, ẹ jẹ́ ká wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lọ́dọ̀ tiwọn náà. Liverpool kì í ṣe àjèjì sí wa. Ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, òun ni èbúté tó tóbi jù lọ fún òwò ẹrú ní Bìrìtéènì. Nígbà tí wọ́n fòfin de òwò yẹn ní 1807, epo pupa tiwa ni àwọn oníṣòwò ibẹ̀ yí ojú sí. Nígbà tí èmi wà lọ́mọdé, Aureol, ọkọ̀ ojú omi Elder Dempster, ló ń gbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Èkó lọ sí Liverpool. Ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá wa, omi àkọ́kọ́ tí wọ́n mu nílùú òyìnbó, omi Liverpool ni. Wales ni omi yẹn náà ti wá, láti adágún Vyrnwy tí Liverpool mọ ní àwọn ọdún 1880, tí abúlé Llanwddyn sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ ò rí i pé Capel Celyn kọ́ ni àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Liverpool ń fẹ́ omi sí i. Bọ́ǹbù ti ba ilé jẹ́ níbẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, pàápàá ní oṣù karùn-ún ọdún 1941. Wọ́n ń kọ́ ilé tuntun tó ní balùwẹ̀ fún àwọn ènìyàn tí kò ní balùwẹ̀ rí, ilé-iṣẹ́ sì ń fẹ́ omi. Ẹni tó ń fẹ́ omi fún ọmọ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀daràn. Ohun tó tún mú ọ̀rọ̀ náà dunni ni pé ẹbí ni wọ́n. Àwọn ará Wales pọ̀ ní Liverpool, àwọn akọ́lé láti Wales ló kọ́ ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀, kódà Eisteddfod, ayẹyẹ àṣà tó tóbi jù lọ ní Wales, Liverpool ni wọ́n ti ṣe é ní 1884, 1900 àti 1929.

Ẹ̀ṣẹ̀ tó wà níbẹ̀, bí mo ṣe rí i, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ omi. Bí wọ́n ṣe gbà á ni. Ní ìparí 1955 ni ìròyìn dé etí àwọn ará àfonífojì. Liverpool kò gba ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ ìbílẹ̀ Wales lọ. Ó gbé àbá òfin tirẹ̀ lọ tààrà sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní London, èyí tó túmọ̀ sí pé kò nílò ìyọ̀ǹda ẹnikẹ́ni ní Wales. Ní ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá 1956, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ará abúlé, àgbà àti ọmọdé, ló lọ sí Liverpool, tí wọ́n rìn láàárín ìgboro pẹ̀lú pátákó lọ́wọ́ pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má fi ilé àwọn sábẹ́ omi. Aṣojú 36 ni Wales ní nílé aṣòfin nígbà náà. Kò sí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tó dìbò fún àbá yẹn. Ó sì di òfin síbẹ̀, ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ 1957. Àwa tí a bí lábẹ́ ìjọba òyìnbó, a mọ irú òfin bẹ́ẹ̀: ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn wà níbẹ̀, ó sọ̀rọ̀, wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n sì ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ní 1962 àti 1963 àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan ba ẹ̀rọ jẹ́ níbi iṣẹ́ dáàmù, àwọn kan nínú wọn sì ṣẹ̀wọ̀n. Wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ pa ní 1963. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ṣe ìsìn ìkẹyìn. Wọ́n ní kí ìdílé tó bá fẹ́ gbé òkú rẹ̀ sọ fún àwọn. Òkú mẹ́jọ ni wọ́n gbé, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá 1965, àwọn ọlọ́lá Liverpool wá ṣí dáàmù. Ayẹyẹ náà kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta. Àwọn afẹ̀hónúhàn gé wáyà ẹ̀rọ gbohùngbohùn, wọ́n ń kígbe, kò sí ẹni tó gbọ́ ohun tí àwọn àlejò ń sọ.

Ẹnì kan lè bi mí pé, ènìyàn 48 péré, kí ló wá le tó bẹ́ẹ̀? Ìlú ńlá ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún mélòó kan ènìyàn tí òùngbẹ ń gbẹ. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní kíláàsì mi mọ ìdáhùn mi. Èdè kì í gbé inú ìwé gírámà. Bẹ́ẹ̀ ni kì í gbé inú iye àwọn tó ní àwọn gbọ́ ọ lásán. Inú ibi tí ọmọ kò ti ní èdè mìíràn tó lè fi tọrọ omi ló ń gbé. Ní 1911, ìdá 43.5 nínú ọgọ́rùn-ún ará Wales ló ń sọ Welsh. Ní 1961, ó ti di ìdá 26. Nínú gbogbo àwọn tó kù yẹn, ibi bíi Capel Celyn, tí oko, ilé-ẹ̀kọ́ àti ìsìn ti jẹ́ ti èdè kan ṣoṣo, kò pọ̀. Ẹ lè kó ènìyàn 48 lọ sí ilé tuntun tó dára. Wọn á dé ibẹ̀, wọn á wà láàyè. Àmọ́ ẹni tó wà lójúlé kejì á máa kí wọn lédè mìíràn, ọmọ á sì mọ̀ láàárín oṣù mélòó kan pé èdè méjì ló wà, àti pé ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n fi ń ra nǹkan.

Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ Tryweryn ṣe di ọ̀rọ̀ èdè. Lójú ọ̀nà kan nítòsí Aberystwyth, lórí ògiri ilé àwókù kan ní Llanrhystud, òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ Meic Stephens mú ọ̀dà, ó kọ ọ̀rọ̀ méjì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960: Cofiwch Tryweryn. Ẹ rántí Tryweryn. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí iṣẹ́ mi nìyí.

Cofia ni ọ̀rọ̀ tí a ó fi bá ẹnì kan tí kò ju wá lọ sọ̀rọ̀: "rántí". Cofiwch ni ti ọ̀pọ̀ ènìyàn, òun náà ni ti àgbà: "ẹ rántí". Bí tiwa gan-an ni. Nítorí náà ògiri yẹn kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ń fi ọ̀wọ̀ bá àwọn tó ń kọjá sọ̀rọ̀. Ìkejì ni pé gírámà ọ̀rọ̀ náà kò pé. Lédè Welsh, tí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀lé irú ọ̀rọ̀-ìṣe yìí gẹ́gẹ́ bí àbọ̀, kọ́ńsónáǹtì tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ á rọ̀: t á di d. Cofiwch Dryweryn ló yẹ kó jẹ́. Àwọn ènìyàn sì tún un kọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹ má fi ìyẹn rẹ́rìn-ín, àwa náà ń ṣe ohun tó jọ ọ́. A ní "mo rà á", ṣùgbọ́n a ní "mo ra ilé". Ohùn ìsàlẹ̀ orí rà di ohùn àárín nítorí pé ọ̀rọ̀-orúkọ tẹ̀lé e. Tiwa ń yí ọ̀rọ̀-ìṣe padà, tiwọn ń yí àbọ̀ padà. Ọmọ tó gbọ́ èdè láti inú agbo ilé kò ní mọ̀ pé òun ń pa òfin kankan mọ́. Ẹni tó kọ́ ọ lẹ́yìn tó dàgbà ló ń ṣi í. Ẹ̀kọ́ ńlá ni fún mi pé ogiri tó ń sọ pé kí a má gbàgbé èdè, àṣìṣe èdè ló kọ́kọ́ wà lára rẹ̀, kò sì torí ìyẹn má ṣiṣẹ́.

Ó ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ 13 oṣù kejì 1962, Saunders Lewis sọ̀rọ̀ lórí rédíò BBC nípa àyànmọ́ èdè Welsh. Ó ní bí nǹkan ṣe ń lọ, èdè náà á kú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkànlélógún, àfi tí wọ́n bá jà fún un. Wallasey ni wọ́n ti bí Saunders Lewis yìí, ní òdìkejì odò sí Liverpool gan-an. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn ọ̀dọ́ dá ẹgbẹ́ èdè Welsh sílẹ̀. Ní 1966, Gwynfor Evans, tó ti bá àwọn ará Capel Celyn rìn ní Liverpool, wọlé sí ilé aṣòfin ní London, òun sì ni aṣojú àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, Plaid Cymru, ní níbẹ̀. Òfin èdè jáde ní 1967, òmíràn ní 1993, ti 2011 sì fún Welsh ní ipò èdè ìjọba ní Wales. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó ń lo Welsh bẹ̀rẹ̀ ní 1982. Ní oṣù kẹwàá 2005, ìgbìmọ̀ ìlú Liverpool tọrọ àforíjì. Nígbà tí àwọn kan ba ògiri Llanrhystud jẹ́ ní 2019, wọ́n tún un mọ, ọ̀rọ̀ méjì yẹn sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí ògiri mìíràn káàkiri Wales.

Kí n má tan yín o. Ìkànìyàn 2021 fi hàn pé ìdá 17.8 ni àwọn tó ń sọ Welsh báyìí. Ó ṣì ń dín kù. Àmọ́ èdè tí wọ́n ní á ti kú ní ìgbà tiwa yìí, nǹkan bí ènìyàn 538,000 ló ń sọ ọ́, àwọn ọmọdé sì ń kọ́ ìṣirò pẹ̀lú rẹ̀ níbi tí bàbá wọn kò ti gbọ́ ọ. Iṣẹ́ ni, kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tí mo ní màá padà sí. Ní àwọn ọdún 1980, ilé-ẹ̀kọ́ kan ránṣẹ́ pe èmi àti ìyàwó mi. Olùkọ́ ní ọmọ wa ń sọ Yorùbá jù, pé á fà á sẹ́yìn, kí a jọ̀ọ́ máa sọ Gẹ̀ẹ́sì fún un nílé. Èmi tí mo ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, tí mo mọ iṣẹ́ ọdún mẹ́fà tí Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970, tó fi hàn pé ọmọ tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ kì í gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, kí ni mo ṣe? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́, mo délé, a bẹ̀rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyàwó mi kò fẹ́, èmi ni mo ní ká ṣe é. Ọmọ yẹn ni bàbá ọmọ-ọmọ mi. Ó ṣì gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n kò fi í tọ́ ọmọ. Kò sí dáàmù tó bò wá mọ́lẹ̀. Kò sí òfin London. Ẹnu ọ̀nà tiwa ni mo dúró sí, tí mo ṣí omi sílẹ̀.

Mo sọ ọ́ fún ọmọ mi níbẹ̀, létí omi. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ fẹ́ kí n ṣe dáadáa láyé ni." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí Liverpool náà sọ nìyẹn. Inú mi kò dùn sí bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe jáde, nítorí kò fi bú mi, àmọ́ òótọ́ ni.

Ọmọ-ọmọ mi bi wá pé kí ni a ń sọ. Bàbá rẹ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó ronú, ó wá bèèrè pé kí ni wọ́n ń pe omi lédè abúlé yẹn. Mo ní dŵr. Ó ní, lédè tiwa ńkọ́? Mo sọ fún un. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ọjọ́ Sunday ni ó ń pè mí lórí fóònù fún ogún ìṣẹ́jú, Yorùbá nìkan. Ohùn rẹ̀ ń ṣìnà, ó máa ń pe ọkọ̀ bí ẹni pé ọkọ́ ló ń pè. Mi ò bá a wí. Ògiri Llanrhystud náà ṣi gírámà rẹ̀ kọ́kọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi, ìbéèrè méjì ni mo fi sílẹ̀ fún yín. Ẹ lọ bèèrè ohun tó wà lábẹ́ omi tí ẹ ń mu, ní ìlú yòówù tí ẹ bá wà. Kí ẹ sì wò ó nínú ilé yín, bí ọmọ bá fẹ́ tọrọ omi lọ́wọ́ ìyá àgbà, èdè wo ló máa fi tọrọ rẹ̀. Ẹni tó bá rí ìdáhùn àkọ́kọ́, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, màá dúpẹ́. Ìdáhùn kejì, ẹ má kọ ọ́ sí mi. Ẹ pe ọmọ náà.